Ìpadàbọ̀ Àwọn Ọ̀dọ́langba

Ẹni tó bá rí ìkéde tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri káàkiri Ẹ̀jìgbò lọ́sẹ̀ náà, á rò pé géńdé ọmọkùnrin mẹ́rin ló ń bọ̀ wá kọrin. Irun wọn rí gbàǹgbà, ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn fẹ̀ débi pé ó lè gbálẹ̀, wọ́n gbé jìtá kọ́rùn, wọ́n sì fajú ro bí ẹni tí ayé ṣẹ̀. Ìsàlẹ̀ àwòrán náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: ÀWỌN Ọ̀DỌ́LANGBA TI PADÀ DÉ! Ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀ ni pé àwòrán ọ̀hún ti lé ní ogójì ọdún, àti pé èyí tó kéré jù nínú àwọn ọ̀dọ́langba náà ti ń fa ọmọ-ọmọ fọ́kọ.

Abájọ tó fi jẹ́ pé nígbà tí wọ́n dé gáréèjì lọ́sàn-án Ọjọ́rú, àwọn èrò tó lọ pàdé wọn ò tiẹ̀ bojú wò wọ́n. Gbogbo ojú wà lẹ́nu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, wọ́n ń wá onírun gbàǹgbà. Àwọn bàbá arúgbó mẹ́rin tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn ń tẹ̀pá, ni wọ́n rọra fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, ẹ yà fún wa díẹ̀, àwọn olórin ló kù tó ń bọ̀."

Ẹnì kan ṣoṣo ló dá wọn mọ̀. Hadassah, ọmọbìnrin tó ń ta jìtá ní ìjọ Onítẹ̀bọmi kan nílùú náà, já àárín èrò kọjá, ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó sì bú sẹ́kún. Bàbá tó ń tẹ̀pá wò ó títí, àánú rẹ̀ ṣe é.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni bàbá wí. "Ta lo pàdánù?"

Ẹ má fi Hadassah ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó ti ń fi orin àwọn èèyàn wọ̀nyí sùn, tó ń fi í jí, láti ìgbà tó ti wà ní girama, ẹkún tọ́ sí i. Láyé ọjọ́un, òkìkí Ọ̀dọ́langba kàn dé Kútọnu, ó kàn dé Lomé, ó dé Àbíjàn níbi tí àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò pọ̀ sí débi pé èèyàn lè ti gáréèjì dé ọjà níbẹ̀ láìsọ èdè mìíràn. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe orin wọn. Adéyẹmọ ló ń ta jìtá. Dúrójaiyé ló ń kọrin níwájú, bó bá sì ti ń kọ ọ́, a máa fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ inú ṣòkòtò rẹ̀.

Ẹ̀kọ ló tú wọn ká. Irọ́ kọ́. Níbi eré kan ní Àbíjàn, Adéyẹmọ bẹ̀rẹ̀ sí í dá jìtá ta, ó ń ta á lọ, kò dákẹ́ mọ́. Dúrójaiyé dúró títí, ẹsẹ̀ ń ro ó, ló bá jókòó sórí ẹ̀rọ agbóhùnjáde, ó tú ẹ̀kọ, ó fi mọ́ínmọ́ín jẹ ẹ́ lójú gbogbo ayé. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́ títí. Adéyẹmọ rò pé òun ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún, àfìgbà tó bojú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, títí tí àwọn méjèèjì fi pàdé nílé ìwòsàn ojú lọ́dún tó kọjá, tí ọ̀kan kí èkejì tọ̀yàyàtọ̀yàyà láìmọ ẹni tó ń kí. Nígbà tí ojú wọn yóò fi ríran tán, wọ́n ti rẹ́rìn-ín jìnnà, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ padà sínú ìjà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò orin yìí ti bẹ̀rẹ̀: Àbíjàn, Kútọnu, Ìbàdàn, kí wọ́n wá fi Ẹ̀jìgbò kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́rùn Hadassah ju ọ̀rọ̀ ẹkún lọ. Àbúrò ìyá rẹ̀, Àǹtí Ṣùkúrátù, ní ṣọ́ọ̀bù abọ́ ní Àbíjàn, ó sì ti ń béèrè ọmọ tí yóò máa bá a dúró níbẹ̀. Wọ́n ti gba àyè kan sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Màmá Hadassah kì í ṣe ìkà èèyàn. Dikinẹ́ẹ̀sì ni nínú ìjọ, ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tó bá ti sọ ti di òkúta.

"Jìtá títa ò burú," ni ó wí fún ọmọ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n èmi ò gbọ́ orin. N ò lè mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n ni àbí o kàn ń pariwo lé wa lórí. Àwọn bàbá tó ń bọ̀ yìí gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ fún mi pé o mọ̀ ọ́n ta, jókòó sílé kó o máa ta á. Bí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀, Ajé, Àbíjàn."

Báàgì ọmọ ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti fa síìpù rẹ̀.

Gbogbo ohun tí Hadassah mọ̀ nípa Ọ̀dọ́langba, inú kásẹ́ẹ̀tì kan ló ti kọ́ ọ. Orí àjà ilé bàbá ìyá rẹ̀ ní ìlú Ara ló ti rí i, nínú àpótí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé, Bàbá Tàjùdíìnì, tó fẹ́ràn orin yìí nígbà èwe rẹ̀. Lásìkò tiwọn, ẹni tí agbára rẹ̀ ò ká àwo orin, rédíò ló ń dúró dè. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, á gbé rẹ́kọ́dà síwájú rédíò, á tẹ̀ ẹ́, á sì máa bẹ Ọlọ́run kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ nínú ilé. Rẹ́kọ́dà tó bá kásẹ́ẹ̀tì náà gbé nínú àpótí ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì inú rẹ̀ ti dẹ̀. Orin tó yẹ kó máa sáré wá ń wọ́ nílẹ̀, gbogbo ohùn inú rẹ̀ nípọn, ó sì rẹlẹ̀. Hadassah ò mọ̀. Ó gbà pé bí àwọn àgbà ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú sùúrù. Òun àti Ooreolúwa tó ń lu dírọ́ọ̀mù, àti Sùlàímọ́nù tó ń ta básì, kọ́ gbogbo orin náà bẹ́ẹ̀, wọn ò fi ẹyọ kan sílẹ̀.

Wọn ò fi ti ìkòkò pàápàá sílẹ̀. Nínú orin wọn tó lókìkí jù, tí wọ́n ń pè ní "Mò Ń Sáré Bọ̀", ibì kan wà láàárín rẹ̀ tí jìtá á ti rọlẹ̀, tí ohùn kan tó nípọn bíi ti ọkùnrin á sì ké pé, "Àníkẹ́! Àníkẹ́! Gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀, ó ti ń jóná!" Lẹ́yìn náà orin á máa lọ. Ooreolúwa ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Sùlàímọ́nù tó wà ní yunifásítì ní rárá, pé orílẹ̀-èdè ni ìkòkò, ará ìlú ni Àníkẹ́, a sì mọ ẹni tó dá iná. Ní ti Hadassah, ó gbà pé rọ́ọ̀kì ni. Bí wọ́n bá ń ṣe é nílé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á pa ohùn pọ̀, wọ́n á fi ohùn ìsàlẹ̀ ikùn pe Àníkẹ́. Màmá Hadassah ò gbọ́ eléyìí rí. Bí wọ́n bá ti ń gbé dírọ́ọ̀mù jáde báyìí, á ti kó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ sílé aládùúgbò lọ máa bó o.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn bàbá gbà láti gbọ́ wọn nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan. Hadassah wọ bùbá tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bọ́ sórí pèpéle, ó bẹ̀rẹ̀. Wọn ò tíì lọ jìnnà tí Bàbá Dúrójaiyé fi ṣí fìlà, ó dorí kodò bí ẹni tó wà nílé òkú. Àwọn yòókù wò ó, àwọn náà ṣí tiwọn.

Nígbà tí orin parí, bàbá nu ojú. "Orin yín wọni lára," ni ó wí. "Ta ló ni ín?"

"Tiyín ni, sà," ni Hadassah dáhùn.

"Tiwa?"

"'Mò Ń Sáré Bọ̀' ni, sà."

Bàbá Adéyẹmọ, tó ti pẹ́ ní Àbíjàn débi pé èdè ibẹ̀ kì í jẹ́ kó bínú tán lédè Yorùbá, fò dìde. "Non, non, non! Ta ló ń sáré bọ̀ báyìí? Ìgbín? Ẹni tó ń retí irú eléyìí á kú kó tó dé! Ìkòkò wo lẹ tún ní kí wọ́n gbé kalẹ̀?"

Sùlàímọ́nù bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ṣàlàyé ìkòkò, ó ṣàlàyé Àníkẹ́. Kó tó dórí ìjọba, Bàbá Dúrójaiyé ti di ikùn mú, onídírọ́ọ̀mù wọn ti ń yọ omi lójú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Hadassah yọ kásẹ́ẹ̀tì náà nínú àpò jìtá rẹ̀, Bàbá Adéyẹmọ gbà á, ó fi í sínú rẹ́kọ́dà tirẹ̀ tó ń gbé kiri, èyí tí ara rẹ̀ ṣì le. Orin bá ta jáde, ó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tó dé àárín, ohùn tó ké pe Àníkẹ́ kì í ṣe ti ọkùnrin rárá. Ìyá kan ni. Ó ń bínú díẹ̀, ó sì mú òṣé kékeré kan mọ́ ọn. Ta ni ìyá náà? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹnì kan ni ṣáá, nínú ilé tí rédíò wà, tí kò lè pa ẹnu mọ́.

Ojú ti Hadassah débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Gbogbo ọdún tó fi ń kọ́ iṣẹ́, rẹ́kọ́dà tó ti bàjẹ́ ló lọ jókòó sí lẹ́sẹ̀ tó ń pè é ní ọ̀gá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà jìtá rẹ̀ kúrò.

"Ẹ wá jókòó kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe rí," ni Bàbá Dúrójaiyé wí, àwọn bàbá sì gun pèpéle.

Ẹ jẹ́ ká sọ òdodo ọ̀rọ̀: ìrìn-àjò náà ò dán mọ́rán. Ní Àbíjàn, ọwọ́ onídírọ́ọ̀mù kú lórí orin kejì. Ní Kútọnu, Bàbá Dúrójaiyé kúnlẹ̀ láàárín orin, àwọn èrò rò pé àrà ni, àwọn náà kúnlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ṣe ni bàbá ò lè dìde mọ́. Gbogbo Ẹ̀jìgbò ló ti rí fídíò rẹ̀ lórí Wasáàpù. Ohun kan náà ló tún fẹ́ ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn yìí. Wọ́n fi eré dá a, ìka Bàbá Adéyẹmọ lọ́ mọ́ra, èémí Bàbá Dúrójaiyé gé lórí "mò ń sá", kò dé "ré bọ̀". Wọ́n tún un ṣe, ó tún gé níbẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sẹ́ni tó fẹ́ wo ojú ẹnì kejì.

Bàbá Dúrójaiyé nawọ́ sí Hadassah àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ tún tiyín yẹn ta. Kì í ṣe pé ó dáa o. Mo kàn fẹ́ fi wo nǹkan kan ni."

Wọ́n ta á. Bàbá sún mọ́ gbohùngbohùn, ó tẹ̀lé wọn, ó kọ ọ́ látòkèdélẹ̀. Ohùn àgbà tó ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan wọ inú orin ọ̀dọ́, ó sì bá a mu ju ti àtijọ́ lọ. "Mò ń sáré bọ̀, ẹ má tìlẹ̀kùn," ni ó ń kọ, tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á mọ̀ pé lóòótọ́ ni bàbá yìí ń sáré, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. "Doucement, ẹ rọra," ni Bàbá Adéyẹmọ ń sọ fún ìka ara rẹ̀, ó ń rọra tẹ okùn jìtá. Nígbà tó kan ibi ìkòkò, Hadassah fẹ́ fò ó, ṣùgbọ́n Bàbá Dúrójaiyé gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ má yọ ibẹ̀ yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ mí. Nígbà tó sì ti jẹ́ obìnrin ló sọ ọ́, ìwọ ni kó o máa sọ ọ́, bó o ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè," ni onídírọ́ọ̀mù wí, Bàbá Dúrójaiyé sì wò ó ní ìwò tó pa á lẹ́nu mọ́. Kí wọ́n máa sọ ọ́ nígboro pé ọmọ àná ló kọ́ Ọ̀dọ́langba lórin? Láéláé.

Ohun tó ba nǹkan jẹ́ nìyẹn. Màmá Hadassah wọlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá wọn lórí pèpéle, inú ọmọ rẹ̀ ń dùn. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn bàbá, kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé ọmọ mi mọ̀ ọ́n ta?"

Bàbá Dúrójaiyé gbé fìlà rẹ̀ dé padà. "Mọ̀ ọ́n kẹ̀? Ìyáàfin, àwa là ń kọ́ ọ. Àánú àwọn ọmọ náà ló ṣe wá, la ṣe ní kí wọ́n wá tẹ̀lé wa."

Bàbá Adéyẹmọ gbójú sókè, ó ń wo àjà. Hadassah gbá jìtá rẹ̀ mọ́ra. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í pe àgbà ní òpùrọ́ lójú ẹni. Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ń ta á, ó sì pa á mọ́nú.

"Ẹ ṣeun, sà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ti gbọ́."

Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta, èrò ò gba gbọ̀ngàn. Ọ̀kadà gbé wọn wá láti Ola, láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, arúgbó gbé ṣòkòtò fífẹ̀ tí kòkòrò ti jẹ wọ̀, àwọn ọ̀dọ́ gbé fóònù sókè. Màmá Hadassah jókòó sí ìlà kejì, ó di àpò rẹ̀ mú sórí ẹsẹ̀. Ó ní kì í ṣe orin lòun wá gbọ́, òun wá mú ọmọ òun relé ni, kó má baà rìn gbéregbère nígbà tí ìrìn-àjò ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Eré náà dùn. Kò sẹ́ni tó retí bó ṣe rí. Àwọn tó mọ orin náà láyé àtijọ́ kọ́kọ́ wo ara wọn, nígbà tó yá wọ́n dìde, wọ́n rọra ń jó, nítorí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún gbọọrọ, orúnkún wọn bá orin mu. Nígbà tí "Mò Ń Sáré Bọ̀" dé àárín, jìtá rọlẹ̀. Bàbá Dúrójaiyé yí ẹ̀yìn padà láti mí. Hadassah sún mọ́ gbohùngbohùn. Ó ti pinnu pé bí òun bá máa lọ, òun á ṣe é dáadáa kí òun tó lọ. Ó sọ ọ́ bó ṣe wà nínú kásẹ́ẹ̀tì gẹ́lẹ́, tòun ti ìbínú díẹ̀, tòun ti òṣé.

"Àníkẹ́! Àníkẹ́! Gbé ìkòkò yẹn kalẹ̀, ó ti ń jóná!"

Obìnrin kan fò dìde ní ìlà kejì, àpò rẹ̀ já bọ́. "Ẹ̀ẹ́n, ìyá mi!" ni ó ké. "Mo ti ń gbé e!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ara orin ni. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ò jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni tó ń wá ààrò. Ìgbà náà ni Hadassah rí i pé ìyá òun ni.

Àníkẹ́ ni oríkì rẹ̀. Hadassah ò mọ̀ ọ́n, ọkọ pàápàá ò fi í pè é rí, Màmá Hadassah ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń pè é ní Àníkẹ́ ni ìyá tó bí i, ó sì ti kú ní Ara láti ìgbà tí Àníkẹ́ fúnra rẹ̀ ò tíì mọ gèlè wé. Wọn ò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Kò sóhun tó kù nínú rẹ̀ láyé, ohun tí wọ́n rò nìyẹn.

Nígbà tí eré parí, Bàbá Adéyẹmọ gbé rẹ́kọ́dà rẹ̀ sórí tábìlì kan lẹ́yìn pèpéle, wọ́n sì jẹ́ kí Màmá Hadassah gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó gbọ́ ọ. Ó ní kí wọ́n dá a padà. Ó tún gbọ́ ọ.

"Ẹ̀wà ni," ni ó wí, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wà ló ń jóná. Mo wà níta, mò ń ṣeré. Bùrọ̀dá Tàjùdíìnì bú mi lọ́jọ́ náà pé mo ba rẹ́kọ́dù òun jẹ́, ìyá mi sì nà mí nítorí ẹ̀wà. Ìyà méjì lọ́jọ́ kan!"

Bàbá Dúrójaiyé ti dé fìlà, ó tún ti ṣí i. Ó wọ́ ẹsẹ̀ bọ́ síwájú. "Ìyáàfin," ni ó wí, "ní ti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bi mí lọ́jọ́sí, mi ò sọ òótọ́ fún yín. Ọmọ yìí..."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ dákẹ́ ná," ni Màmá Hadassah wí. "Ìyá mi ń sọ̀rọ̀."

Bàbá dúró bẹ́ẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé títí Màmá Hadassah fi gbọ́ ọ tẹ́rùn, lẹ́yìn náà bàbá sọ tirẹ̀: pé Hadassah mọ jìtá ta, pé òun ló kó àwọn yọ, pé ìgbéraga ò jẹ́ kí àwọn sọ ọ́. Màmá Hadassah fi ìborùn nu ojú. "Mo ti gbọ́ ọ látàárọ̀, sà," ni ó wí. "Etí mi là."

Kí ẹ má rò pé orí Hadassah nìkan lọ̀rọ̀ náà mọ. Ní Àìkú tó tẹ̀lé e, àwọn ọ̀dọ́ onílù fa orin gùn ní ìjọ mélòó kan débi pé oòrùn ti kàn àtàrí kí wọ́n tó gbowó ìdáwó. Ẹgbẹ́ kan ní Ola tilẹ̀ fi "Ẹ lé ewúrẹ́ yẹn jáde!" sáàárín orin ìyìn, pásítọ̀ sì dìde lọ wá ewúrẹ́.

Láàárọ̀ Ajé, bọ́ọ̀sì Àbíjàn dúró, ó ń fọn fèrè. Màmá Hadassah àti ọmọ rẹ̀ jọ wá sí gáréèjì. Ooreolúwa ti da ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì náà sórí fóònù, ó ní òun lè fi í ránṣẹ́ sí Àǹtí Ṣùkúrátù kí wọ́n tó ṣẹ́jú. Màmá Hadassah kọ̀ jálẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ṣì ń pọn Ṣùkúrátù sí nígbà tí ìyá wọn kú, kò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún. Irú ìyẹn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́. Ó fi ìborùn rẹ̀ di kásẹ́ẹ̀tì náà pọ̀ mọ́ rẹ́kọ́dà tí Bàbá Adéyẹmọ fi tọrẹ, ó wọ inú ọkọ̀, ó gbé ìdì náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sórí ìjókòó tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún Hadassah lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

"Màmá, ẹni tó ń lọ ńkọ́?" ni dírẹ́bà béèrè. "Èrò ti pé."

"Òun nìyẹn," ni Màmá Hadassah wí. "Ìyá mi ni. Ó ń lọ kí àbúrò mi."

Dírẹ́bà wò ó, ó wo ìdì náà, ó sì na ọwọ́, ó fi bẹ́líìtì ìjókòó dè é.